Àmì Pupa Lórí Nọ́ọ̀tì

Ariwo ọkọ̀ wa tí mo fi sílẹ̀ nílé ni mo kọ́kọ́ fetí wá nígbà tí mo dé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni mo fi wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú tírélà, ariwo yẹn sì ti wà lọ́kàn mi láti nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ariwo. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń fà á, èmi nìkan ni màá sì pa á lẹ́nu mọ́, ìyàwó mi á wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Dádì." Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó ń gbé ojú ọ̀nà bíi tèmi fi ń mọ̀ pé òun ṣì nílé.

Ìyàwó mi ló gbé ọkọ̀ wa wá pàdé mi ní ọgbà tí a ń gbé tírélà sí. Ó ya kọ́nà àkọ́kọ́, mo dákẹ́, mo na etí. Kò sí nǹkan kan. Ó ya kọ́nà kejì, níbi tí títì ti burú jáì, níbi tó yẹ kí ó ti máa dún kọ̀, kọ̀, bí ẹni ń fi ìka kan ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ náà yí wọ́ọ́rọ́. Mo ní ó dà bíi pé ariwo ìjọ́sí ti lọ. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó ti lọ. Ó fi apá kan ojú wò mí, ó tún wo iwájú, ó sì hàn pé ó ń dúró kí n béèrè nǹkan sí i. Mi ò béèrè. Òjòwú ni mí, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ báyìí, kí ẹ má baà rò pé mò ń fi pamọ́. Tí nǹkan bá ń jẹ mí lọ́kàn, mi kì í béèrè; mo máa ń lọ wá a fúnra mi ni.

Ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò náà ni ariwo yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi, tó jẹ́ akọ̀wé ní ilé ẹ̀kọ́ kan, ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ní bí òun bá ti yí sítíárìn nígbà tí ọkọ̀ ń rìn díẹ̀díẹ̀, nǹkan máa ń kan nísàlẹ̀. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo wo òróró sítíárìn, ó pé. Mo wo bẹ́líìtì, ó le dáadáa. Ká ní òróró ló lọ sílẹ̀ ni, ọkọ̀ ìbá máa kùn bí ẹni tí inú ń run. Ká ní bẹ́líìtì ni, ìbá máa han gooro. Èyí ń kan ni, ohun tó bá sì ń kan, irin ló ń mì níbì kan. Mo pa ọkọ̀, mo wọ abẹ́ rẹ̀, ìyàwó mi jókòó sídìí sítíárìn gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe láti ọdún mọ́kànlá tí a ti fẹ́ra. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹnì kan á máa yí i díẹ̀ sí òsì, díẹ̀ sí ọ̀tún, ẹnì kejì á máa fi àtẹ́lẹwọ́ bo oríkèé irin kọ̀ọ̀kan títí yóò fi mọ èyí tó ń ta. Mo ń ké láti ìsàlẹ̀ pé kó yí i, kó dúró, kó tún un yí. Nígbà tí mo dé ìpẹ̀kun tairọ́ọ̀dù, ìyẹn irin tí ó so táyà iwájú apá òsì mọ́ sítíárìn, oríkèé ibẹ̀ ta mí lọ́wọ́. Mo ní ọwọ́ ti tẹ olè.

Mo sọ fún ìyàwó mi pé kó má gùn ún mọ́, pé kó máa wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Mo ní n ó ra oríkèé tuntun bọ̀ láti ọ̀nà, n ó sì fi sí i bí mo bá ti dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Tírélà bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ní ibi jíjìnnà, ọ̀sẹ̀ méjì di márùn-ún. Ṣùgbọ́n mo ra oríkèé náà. Inú síńgílẹ́ẹ̀tì mi ni mo wé e sí nínú báàgì, bí ẹni gbé ẹ̀bùn bọ̀ wálé.

Ẹ wá wo bí inú mi ṣe máa rí lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé, tí mo dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi, tí ọkọ̀ wà níta láìní ariwo kankan lára.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé. Ìyàwó mi ń lọ aṣọ ní pálọ̀, ó ní òun máa lọ gbé màmá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ní ilé ìwòsàn ojú ní ọ̀sán, níbi tí wọ́n ti bá wọn ṣe iṣẹ́ abẹ ojú kan. Mo ní kò burú, màá kọ́kọ́ yẹ ọkọ̀ wò. Ó tún wò mí bí ti àná, ó ní, "Ẹ lọ wò ó." Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀rín ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ ni.

Mo fi jáàkì gbé apá òsì sókè, mo yọ táyà, mo wọlé síbẹ̀. Ohun tí mo rí ni ó yẹ kí n ṣàlàyé dáadáa.

Àwa tí a ń gbé ọkọ̀ ńlá ní àṣà kan. Tí a bá fi sípánà mú nọ́ọ̀tì tán, a máa ń fi ọ̀dà fa ìlà tínrín láti orí nọ́ọ̀tì náà dé ara irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì bá yí, bó ti wù kó kéré mọ, ìlà náà á ya, ojú lásán á sì rí i. Ó ní ìdí tí ìlà fi ń gbẹ̀yìn: ìlà ni ẹ̀rí pé ọwọ́ ti mú un, pé ó ti le. Mo gbé àṣà yìí wá sílé, kútẹ́ẹ̀sì pupa ìyàwó mi ni mo sì ń lò fún un. Mo kọ́ òun náà pé kó tó gbé ọkọ̀ jáde, kó yí táyà síta, kó bẹ̀rẹ̀, kó fi iná fóònù wo àmì mi. Tí ìlà bá tọ́, kó máa lọ. Kò sí ọjọ́ kan tí kò ṣe é.

Oríkèé tuntun ni mo bá níbẹ̀. Ìlà wà lórí nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó tín-ín-rín, ó tọ́, ó sì funfun.

Ó rí lára mi bí ìgbà tí mo bá bá bàtà ọkùnrin mìíràn lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Ara mi gbóná. Ká ní mẹkáníìkì kan lásán ló ṣe iṣẹ́ náà, tó sì lọ, mo lè fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni yìí mọ àṣà mi. Ó mọ̀ pé ìlà wà, ó sì fa tirẹ̀ sí ibi tí tèmi máa ń wà, bí ẹni kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé tèmi. Mo wá àléébù iṣẹ́ rẹ̀ títí. Mo mi oríkèé náà, kò mì. Mo wo rọ́bà tó bò ó, kò ya. Mo wọn bí irin náà ṣe gùn tó, nítorí pé ẹni tí kò bá ka iye ìgbà tí ó yí oríkèé àtijọ́ jáde kò ní mọ iye ìgbà tí yóò yí tuntun wọlé, ọkọ̀ á sì máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni yìí ti kà á. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, inú mi sì bà jẹ́ nítorí pé iṣẹ́ náà dára.

Mo mọ ẹni náà, àbí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Wẹ́dà kan wà ní òpin àdúgbò wa tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, torí pé kì í sáré, kì í pariwo, kì í bínú. Iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún géètì tí ó kùn ní ọ̀dà funfun. Ó ga, ó mọ́ra, tí ìyàwó mi bá sì ń kọjá, á dá iṣẹ́ dúró, á ṣí ìbòjú irin ojú rẹ̀, á béèrè ilé, á béèrè iṣẹ́. Èmi náà máa ń kí ìyàwó oníyàwó, ṣùgbọ́n mi kì í dá iṣẹ́ dúró fún un. Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé èèyàn dáadáa ni. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó mi.

Mo tú nọ́ọ̀tì náà. Ó le débi pé mo ní láti fi ẹsẹ̀ ti sípánà, èyí náà sì tún bí mi nínú. Mo yọ oríkèé rẹ̀ tí kò ṣe mí ní nǹkan kan, mo jù ú sí kọ̀rọ̀, mo ṣí síńgílẹ́ẹ̀tì mi, mo fi tèmi sí i. Mo fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì náà wọlé títí ó fi kan irin. Ó kù kí n fi sípánà mú un. Ṣùgbọ́n àbàwọ́n funfun díẹ̀ ṣì wà lára irin níbi tí ìlà rẹ̀ parí sí, ojú mi ò sì kúrò níbẹ̀. Mo na ọwọ́ sí kútẹ́ẹ̀sì, mo fa ìlà pupa gbàràgàdà láti orí nọ́ọ̀tì dé orí àbàwọ́n yẹn, mo bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọkàn mi fúyẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò fi àmì sí nọ́ọ̀tì tí n kò tíì mú rí.

Fóònù mi ké. Máníjà ilé iṣẹ́ wa ni, ó ní tírélà mi dí ẹnu géètì ọgbà, ọkọ̀ méjì ń dúró láti wọlé, kí n wá sún un kíá. Mo ní mò ń bọ̀. N kì í fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí jáàkì, nítorí náà mo dá táyà padà, mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé tí mo bá dé, màá yí táyà síta, màá ti ẹ̀yìn rẹ̀ fi sípánà mú nọ́ọ̀tì náà. Mo ti sípánà bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò mi kí n má baà wá a kiri. Mo lọ.

Ó pẹ́ kí n tó rí bọ́ọ̀sì wọ̀ dé ọgbà, ṣùgbọ́n kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi sún tírélà. Ó yẹ kí n yí padà sílé. Àmọ́ ojú ọ̀nà ibẹ̀ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ mi sì yà síbẹ̀ kí n tó mọ̀.

Ó ń lẹ ẹsẹ̀ géètì kan pọ̀ nígbà tí mo dé. Ó ṣí ìbòjú, ó kí mi kú àbọ̀, ó béèrè ọ̀nà. Mo bi í pé ta ló ní kó fọwọ́ kan ọkọ̀ mi nígbà tí n kò sí nílé. Mo sọ ọ̀rọ̀ mìíràn sí i, èyí tí n kò ní tún sọ níbí nítorí ojú ń tì mí. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ méjì tó ń gé irin dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Jẹ́jẹ́ wò mí títí, ó rọra gbé iná tó ń fi lẹ irin sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́ o. Ìyàwó yín ló ṣe é fúnra wọn. Páìpù ni mo yá wọn, kí wọ́n fi mú ọwọ́ sípánà gùn, torí wọ́n ní àwọn fẹ́ kí nọ́ọ̀tì yẹn le bí ẹ ṣe máa ń fẹ́ ẹ. Ṣé ó le?"

Mo gbọ́ gbólóhùn àkọ́kọ́, kò tíì yé mi tán tí mo fi gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn. Ọwọ́ mi lọ sí àpò ẹ̀yìn. Sípánà wà níbẹ̀. Mo wo ojú aago ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀sán ti pọ́n.

Mo sáré. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ikùn mi kì í ṣe ikùn eré sísá, ṣùgbọ́n mo sáré. Ilẹ̀ tí ọkọ̀ wa máa ń wà ṣófo. Àpò ìwé tí ìyàwó mi máa ń kúnlẹ̀ sí kó tó wo àmì mi wà nílẹ̀, ó ti wò ó nìyẹn. Mo pe fóònù rẹ̀, ó ń ké, kò gbé e. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má gbé fóònù nígbà tó bá ń wa ọkọ̀. Mo tún pè, mo tún pè. Ọ̀nà ilé ìwòsàn ojú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó ga, odò sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì yẹn bá bọ́ níbẹ̀, sítíárìn á wà lọ́wọ́ rẹ̀, táyà òsì á sì máa lọ sí ibi tó bá wù ú. Màmá mi á wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú. Mo dá alálùpùpù kan dúró, mo ní kó máa lọ, kó má bi mí ní nǹkan kan.

Ní gbogbo ọ̀nà yẹn, mo ń wo ẹ̀gbẹ́ títì fún ohun tí n kò fẹ́ rí. A kọjá ilé epo, a kọjá ilé ẹ̀kọ́, a gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà tán, a dé kọ́nà tó wà lókè rẹ̀ lápá ilé ìwòsàn. Mo rí ọkọ̀ wa lábẹ́ igi kan, jáàkì gbé e sókè. Màmá mi jókòó sórí táyà àpọ́jù, báńdéèjì wà lójú wọn kan, báàgì ìyàwó mi wà lórí itan wọn, fóònù sì ń ké nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyàwó mi yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀ láti orúnkún.

Màmá mi ní, "Àbí ìwọ lò ń dà wá láàmú látẹ̀ẹ̀kan? Má wulẹ̀ pariwo, ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, èémí mi ń já. Kí n tó pe ìyàwó mi, ọwọ́ rẹ̀ ti yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó dúdú fún gíríìsì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ mú sípánà wá." Ó ti yẹ àpótí irinṣẹ́ wò, ó sì mọ ibi tí sípánà náà wà àti ẹni tó mú un lọ. Mo yọ ọ́ lápò, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó ní kí n lọ jókòó sídìí sítíárìn, kí n yí i sí ọ̀tún kí òun lè rọ́wọ́ wọlé. Mo lọ jókòó. Mo yí i. N kò jókòó síbẹ̀ rí nígbà tí ẹlòmíràn wà nísàlẹ̀.

Kò sọ̀rọ̀ bí èmi ṣe máa ń sọ ọ́ tí mo bá ń ṣiṣẹ́. Sípánà nìkan ni mo ń gbọ́. Nígbà tó yá ló ní nọ́ọ̀tì náà ti tú débi pé ó kù kó yí lẹ́ẹ̀mẹta péré kó já bọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé.

Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ kó tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

"Mo gbọ́ ọ ni. Kọ́nà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ilé ìwòsàn ló ti kan. Mo ní etí mi ló ń tàn mí jẹ, torí mo ti rí àmì yín kí n tó jáde nílé, ìlà rẹ̀ sì tọ́. Kọ́nà mẹ́ta ni mo tún yà tí mò ń gbọ́ ọ, tí mò ń sọ fún ara mi pé kò lè jẹ́ ibẹ̀, ibẹ̀ le, Dádì ti mú un. Ká ní funfun tèmi ni mo rí, kọ́nà àkọ́kọ́ yẹn náà ni ǹ bá ti dúró."

Típẹ́ẹ̀sì ọ́fíìsì ni funfun náà, èyí tí ó fi ń pa àṣìṣe rẹ́ lórí ìwé. Ojoojúmọ́ ni ó wà nínú báàgì rẹ̀. Mo gbé orí lé sítíárìn. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ, kódà nígbà náà, ẹ dárí jì mí, mo ṣì ń retí kí n gbọ́ orúkọ ọkùnrin kan.

"Ẹ̀yin ni," ìyàwó mi wí. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yẹn, tí ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ọkọ̀ láìdákẹ́. Ẹ máa ń ní, kà á bó o ṣe ń yí i jáde. Nu ojú irin kó o tó dì í. Ta lẹ rò pé ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ó wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta ìrìn àjò mi ni wọ́n sọ ọjọ́ tí wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ ojú màmá mi fún un, kò sì fẹ́ fi bọ́ọ̀sì gbé àgbàlagbà lọ gbé e bọ̀. Ó lọ ra oríkèé, ó fi Sátidé kan odindi ṣe é, ó tú u lẹ́ẹ̀mejì tún un ṣe, màmá mi ló ń yí sítíárìn fún un. Màmá mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ọwọ́ ń dun àwọn fún ọjọ́ méjì.

Ìyàwó mi jáde lábẹ́ ọkọ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìka kan lẹ́yìn ìkejì. Ó ní, "Ṣé ẹ gbàgbé ni?"

Màmá mi ní kí ló tún kù, mo gbàgbé ni, láti kékeré ni mo ti máa ń gbàgbé. Àwọn méjèèjì ṣí ilẹ̀kùn àwáwí fún mi gbayawu. Kí n ṣáà sọ pé máníjà pè mí, òótọ́ sì ni, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, a ó sì máa lọ sílé. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́. Mo wo ojú ìyàwó mi, gíríìsì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo sì rántí ohùn rẹ̀ nígbà tó ní Dádì ti mú un.

Mo ní, "Mi ò gbàgbé. Mo rí àmì funfun, mo rò pé ti ọkùnrin kan ni. Jẹ́jẹ́ ni mo rò. Mi ò lè fara dà á. Mo fi tèmi bò ó kí n tó mú sípánà."

Ojú kan tó kù fún màmá mi ni wọ́n fi wò mí, ó sì tó.

Ìyàwó mi ká aṣọ tó fi nuwọ́, ó tún un ká. N kò mọ ohun tí mò ń retí, bóyá kó pariwo, bóyá kó sunkún. Ó ní, "Láti ìgbà tí ẹ ti dé ni mo ti ń dúró kí ẹ bi mí pé ta ló ṣe é." Lẹ́yìn náà ó sọ jáàkì kalẹ̀, ó fa màmá mi dìde, ó sì gba ìdí sítíárìn. Mo jókòó sẹ́yìn. Ọkọ̀ náà kò dún títí a fi délé.

Nírọ̀lẹ́, mo lọ bá Jẹ́jẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo jù lọ́jọ́ orí. Ó sáré gbé mi dìde, ó ní kò sí wàhálà, ó sì tún béèrè bóyá nọ́ọ̀tì ti le. Ẹ má rò pé owú mi tán níbẹ̀. Bó ṣe ń dárí jì mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yẹn, mo tún ń jowú bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe.

Nígbà tí mo padà, ìyàwó mi ń fi kẹrosíìnì nu ìlà pupa mi kúrò. Mo dúró kí ó fi funfun tirẹ̀ sí i, mo sì ti múra láti gbà á, kódà mo ti bọ́ sílé lọ gbé ìgò típẹ́ẹ̀sì náà wá fún un. Ó ní kí n dá a padà. Òun kò fẹ́ àmì kankan níbẹ̀ mọ́, ti ẹnikẹ́ni.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo di ẹrù mi sẹ́nu ọ̀nà, tírélà ń dúró dè mí. Mo ń mu tíì lójú fèrèsé. Ìyàwó mi jáde pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ àpò ìwé sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lé e, ó ti sípánà bọ ẹ̀yìn táyà. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ fà á. Òun fúnra rẹ̀ ló mú nọ́ọ̀tì yẹn ní Sátidé, ọkọ̀ kò sì kúrò níwájú ilé wa láti ìgbà tí a ti dé. Màmá mi wà lórí ibùsùn pẹ̀lú báńdéèjì lójú. Kò sí ẹlòmíràn nílé tó lè tú nọ́ọ̀tì náà bí kò ṣe èmi.